Ọjọ́ Burúkú, Ọjọ́ Ìbùkún: Ọmọ Ogunléndé Lórí Ìtàgé

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn òǹkọ̀wé sọ nìyí. Mo ti gé díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó. Àkòrí tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni ọmọ ogunléndé tó dàgbà, tó kọ̀wé, tó sì wá ń fi ìtàn ara rẹ̀ kì àwọn èèyàn láyà. Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo orúkọ yẹn ná. Ogunléndé: ogun ló lé mi dé. Odidi gbólóhùn la sọ di orúkọ èèyàn, kò sì sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tó sọ irú ẹni tó jẹ́ kí ogun tó dé. Òfin àgbáyé ti 1951 lórí àwọn ogunléndé kò tilẹ̀ dárúkọ ogun nínú ìtumọ̀ tó fún ẹni tó jẹ́ ogunléndé. Ẹni tí ẹ̀rù inúnibíni ń bà nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, ẹgbẹ́ tàbí èrò òṣèlú rẹ̀ ló mọ̀. Ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe tiwọn ní 1969 ni wọ́n fi ẹni tí ìkọlù àti rúkèrúdò lé kúrò nílé kún un. Ìyẹn ló sún mọ́ ohun tí àwa ń pè ní ogunléndé.

Lopez Lomong, sárésáré kan, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Abúlé Kimotong ni wọ́n bí i sí, ní ilẹ̀ tó di South Sudan lónìí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni lọ́jọ́ Sunday kan tí àwọn tó gbé ìbọn dání ya wọ inú ìsìn, tí wọ́n já a gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta kan tó jù ú lọ ló mú un gba abẹ́ ọgbà ibi tí wọ́n tì wọ́n mọ́ jáde lóru. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi sáré kí wọ́n tó bọ́ sí ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Ọdún mẹ́wàá ló wá lò níbẹ̀, ní àgọ́ ogunléndé Kakuma. Àwọn ọmọ tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ pọ̀ ju pápá lọ, ni wọ́n bá ṣòfin láàárín ara wọn: ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, kó kọ́kọ́ sáré yí àgọ́ po, nǹkan bíi kìlómítà 30. Ní 2000 ó rìn lọ wo ìdíje Olympics lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tó ń fi bátìrì ọkọ̀ ṣiṣẹ́, ó rí Michael Johnson, sárésáré ará Amẹ́ríkà, tó ń sunkún nígbà tó gba góòlù, ó ní òun náà máa sáré.

Gbogbo sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ló fẹ́ràn apá ti tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ibòmíràn ni èmi fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí. Nígbà tí Amẹ́ríkà fẹ́ gba díẹ̀ lára àwọn ọmọ náà, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ lọ kọ ìtàn ayé rẹ̀ sórí ìwé. Ọmọ yìí ti kọ̀wé kó tó di òǹkọ̀wé. Ẹni tó máa ka ìwé ọ̀hún ló sì máa pinnu bóyá àgọ́ náà ni yóò tún ti sùn lọ́dún tó ń bọ̀. Kí lẹ máa kọ́kọ́ kọ, ká ní ẹ̀yin ni? Ebi? Ìyá? Bí ẹ bá kọ èyí tó wúwo jù, wọ́n lè ní irọ́ ni. Bó bá fúyẹ́, wọ́n á ní ẹ ò jìyà tó. Wọ́n á tún béèrè ọjọ́ àti oṣù, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà ò mọ oṣù. Bóyá òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà ló mọ̀.

Ó dé Amẹ́ríkà ní 2001. Lálẹ́ àkọ́kọ́, ó fi iná sílẹ̀ sùn, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Ó di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 2007; ní 2008 òun ló gbé àsíá wọn wọ pápá níbi ìdíje Olympics ní Beijing. Ìwé rẹ̀ jáde ní 2012, ó sì ti dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń rí sí omi, ẹ̀kọ́, oúnjẹ àti ìlera ní South Sudan.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ilé wa díẹ̀. Ní 1821, wọ́n ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ ní Òṣoogùn, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, nígbà tí ariwo ta pé ogun ti dé. Wọ́n kó Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Ní 1837, ó ti di Samuel Crowther, ó kọ ìtàn náà sínú lẹ́tà sí akọ̀wé àjọ ajíhìnrere CMS. Ẹ rántí pé àwọn ọ̀gá tó ń ṣiṣẹ́ fún ló ń kọ ọ́ sí. Ó pe ọjọ́ tí ogun dé ní ọjọ́ ìbànújẹ́. Lẹ́sẹ̀ kan náà ló fi kún un pé wọ́n ti kọ́ òun báyìí láti máa pè é, ní ọ̀nà mìíràn, ní ọjọ́ ìbùkún.

Mo ti ka ibẹ̀ yẹn tó ìgbà mélòó kan, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n ti kọ́ mi. Kò ní òun ló rò ó bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ ká rí ọwọ́ ẹni tó fún un ní ọ̀rọ̀ náà, kò sì nu “ìbànújẹ́” kúrò lójú ìwé. Èmi ò kórìíra ọ̀rọ̀ ìṣírí o, mo ti jẹ nínú owó rẹ̀ rí. (Wọ́n rẹ́rìn-ín níbí.) Ohun tó ń bí mi nínú ni àwùjọ tó ń pàtẹ́wọ́ fún ìyà, bí ẹni pé owó ọkọ̀ tó gbé ọmọ náà dé ibi àṣeyọrí ni.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan nàwọ́ sókè: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò ní dáa kí irú wọn kàn gbàgbé ni?” Mo sọ fún un pé àwọn ará ilé Lomong ti gbìyànjú ẹ̀. Wọ́n ti ṣòkú rẹ̀, wọ́n ti to òkúta jọ sójú oórì tí òkú ò sí nínú rẹ̀. Nígbà tó padà délé, àfi kí wọ́n ṣe ètùtù láti mú un kúrò láàárín àwọn òkú. Ti Crowther, ó tó ọdún 25 kó tó tún rí ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta, ní 1846. Ọkùnrin tó ti ń wàásù, tó ti kọ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá: wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ ò jáde.

Bàbá àgbàlagbà kan ló béèrè ìbéèrè tó kẹ́yìn. Ó ní, “Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ọjọ́sí ńkọ́?” Mo ní, bàbá, Lomong ní òun ò rí wọn mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n dé Kẹ́ńyà. Bàbá mi orí, ó jókòó. Alága ní àkókò ti lọ.