Báwo ni Ara Ṣe Ń Dá Bakitéríà Ọ̀rẹ́ Mọ̀ Yàtọ̀ sí Ọ̀tá?

Ẹ kú ìjókòó. Ìbéèrè kan péré ni mo gbé wá lónìí. Bakitéríà tó ń gbé lára àgbàlagbà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tírílíọ̀nù 38, bẹ́ẹ̀ sì ni sẹ́ẹ̀lì ara onítọ̀hún fúnra rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi tírílíọ̀nù 30. Ìfun ńlá ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fi ṣe ilé. Kí ló dé tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara wa kì í bá wọn jà tọ̀sán-tòru?

Ẹ má rò pé àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ní ìwé tí wọ́n kọ orúkọ ọ̀tá sí. Èròjà ìdánimọ̀ ló wà lára sẹ́ẹ̀lì wọn. Ní 1996, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Jules Hoffmann, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn pé èyí tí wọ́n ń pè ní Toll ló ń jẹ́ kí eṣinṣin tín-ín-rín tó máa ń bà lé èso lè kojú àrùn. Ní 1998, Bruce Beutler rí irú rẹ̀ lára eku, ó sì rí i pé òun ló ń dá LPS mọ̀, ìyẹn èròjà ọlọ́ràá tó wà lára awọ ìta ọ̀pọ̀ bakitéríà. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2011. Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó nìyí: LPS wà lára bakitéríà tó ń ṣe wá lóore, ó sì wà lára èyí tó ń pani. Ẹ̀wù ọ̀rẹ́ àti ẹ̀wù ọ̀tá jọra.

Ibi tí ara ti bá bakitéríà ló kọ́kọ́ ń wò. Nínú ìfun ńlá, ikun tó ń yọ̀ bo ara ìfun ní ìpele méjì. Bakitéríà ń gbé nínú ìpele òde, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń pọ̀ sí i. Ìpele inú, tó fara ti sẹ́ẹ̀lì wa, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìkankan. Lẹ́yìn ìyẹn, ara ń da IgA síbẹ̀, ọ̀kan lára àwọn àńtíbọ́dì, ìyẹn èròjà tí ara ń ṣe láti fi dì mọ́ kòkòrò. Lójoojúmọ́, IgA tí ara ń ṣe pọ̀ ju gbogbo àńtíbọ́dì yòókù lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ máa ń wú mi lórí: ó ń dì mọ́ bakitéríà kí ó má bàa sún mọ́ ògiri ìfun, síbẹ̀ kì í pariwo ogun. Bakitéríà E. coli kan náà tó ń gbé jẹ́ẹ́ nínú ìfun, bó bá ráyè wọ àpò ìtọ̀, ìtọ̀ á máa ta èèyàn. Bó bá wọnú ẹ̀jẹ̀, ibà líle ni, ó sì lè gbẹ̀mí.

Lẹ́yìn ibi tó wà, ìwà bakitéríà náà ni ara tún ń wò. Salmonella, bakitéríà kan tó ń fa àrùn inú, ní ohun kan tó dà bí abẹ́rẹ́, tó fi ń gún èròjà tirẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì wa. Sẹ́ẹ̀lì tó bá rí nǹkan bakitéríà nínú ara rẹ̀ kì í ṣiyèméjì mọ́. Ó máa ń figbe ta, ó lè pa ara rẹ̀, kí ìfun sì tì í dànù pẹ̀lú kòkòrò tó wà nínú rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á wá rọ́ débẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa pàápàá ń kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ náà níṣẹ́. Eku tí wọ́n tọ́ láìjẹ́ kí bakitéríà kankan kàn án, IgA rẹ̀ máa ń kéré gan-an. Nígbà tí bakitéríà inú ìfun bá jẹ fáíbà tí àwa kò lè dà, wọ́n ń ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ butyrate, èyí tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì T apẹ̀tùsíjà pọ̀ sí i, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń dá ẹ̀ṣọ́ yòókù lẹ́kun ìjà. Shimon Sakaguchi ló ṣàpèjúwe sẹ́ẹ̀lì yìí ní 1995. Òun, Mary Brunkow àti Fred Ramsdell gba Nobel lórí rẹ̀ ní 2025. Ọmọ tí wọ́n bí láìní èyí tó ń ṣiṣẹ́, láti kékeré ni ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ ti máa ń dojú ìjà kọ ìfun rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ọkàn mi kì í balẹ̀ bí mo bá rí ẹni tó ń lo oògùn apabakitéríà nítorí ọ̀fìnkìn, tó jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì ló fà á. Oògùn náà kò mọ ọ̀rẹ́. Bó bá gbá wọn lọ, bakitéríà búburú kan tó ń jẹ́ C. difficile lè gba ilé wọn, kí ìgbẹ́ gbuuru má sì dáwọ́ dúró. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2013, àwọn oníṣègùn ní Netherlands fi ìgbẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tí ara wọn le sínú ìfun aláìsàn 16 tí àrùn yìí ń padà dé sí lára. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan péré, ó dáwọ́ dúró lára 13 nínú wọn.