Ọjọ́ Tí Àlejò Kò Wá: Ìparí Fíìmù Akẹ́kọ̀ọ́ Tálákà

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ onífíìmù sọ ní Ìkòròdú

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ka ìtàn tí ẹ fẹ́ fi ṣe fíìmù. Akẹ́kọ̀ọ́ tálákà, adánìkanwà, pọ̀ nínú wọn, ìparí wọn ló sì ń dùn mí. Owó ni ẹ fi ń parí gbogbo rẹ̀: físà jáde, tàbí ẹ̀gbọ́n olówó kan ti òkè òkun dé. Ẹ jẹ́ ká wo èyí tí kò parí bẹ́ẹ̀.

Dostoevsky, òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà, kọ ìtàn Raskolnikov nínú ìwé Crime and Punishment ní 1866. Ọmọ yìí fi yunifásítì sílẹ̀ torí àìlówó, ó ń gbé yàrá kótópó lábẹ́ òrùlé, ó wá pa ìyá arúgbó kan tó ń gba ìdógò yáni lówó. Ẹni tó bá ní ìṣẹ́ nìkan ló sún un débẹ̀, kó tún ìwé náà kà. Ìyá rẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí i. Ó kó rúbù 20 nínú rẹ̀ fún ìdílé kan tó ń ṣọ̀fọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un níṣẹ́ ìtúmọ̀. Ó gbà á, ó tún dá a padà. Èèyàn ló ń sá fún. Ẹ kó mílíọ̀nù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lópin eré, ẹ kò tíì fọwọ́ kan ohun tó ń ṣe é.

Wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 8 ní Siberia. Sonya, ọmọbìnrin ìdílé tó ń ṣọ̀fọ̀ yẹn, tẹ̀lé e débẹ̀, ó ń wá wò ó, ọkùnrin náà sì ń kanra mọ́ ọn. Àfi ìgbà tí àìsàn dá Sonya dúró sílé. Ìgbà yẹn ni Raskolnikov wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàníyàn nípa rẹ̀. Ìwé pélébé kan dé láti ọwọ́ Sonya, àyà ọkùnrin náà sì ń lù kì-kì-kì bó ṣe ń kà á. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lè sunkún lẹ́sẹ̀ Sonya létí odò.

Egungun ìtàn yẹn hàn kedere nínú Pickpocket, fíìmù tí Robert Bresson ará Faransé ṣe ní 1959. Michel, ọ̀dọ́kùnrin tí fíìmù náà dá lé, kò pa èèyàn ní tirẹ̀, owó ló ń yọ lápò wọn ní Paris. Bresson kò lo òṣèré tó kọ́ṣẹ́ fún un, nítorí náà ojú Michel kò sọ nǹkan kan fún wa títí a fi dé ẹ̀wọ̀n. Ọ̀dọ́bìnrin kan, Jeanne, ń wá wò ó níbẹ̀. Ó ṣe, kò wá mọ́. Létà dé: ọmọ Jeanne ló ń ṣàìsàn. Àyà Michel lù, bíi ti Raskolnikov gẹ́lẹ́! Nígbà tí Jeanne padà dé, wọ́n forí kora láàárín irin, Michel sì ní ọ̀nà àrà lòun gbà kí òun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó parí. Ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n kò ṣí.

Àwọn kan ní òjijì ni ìfẹ́ yẹn já bọ́. Mi ò gbà. Kí wọ́n padà lọ wo létà yẹn dáadáa. Ẹni tó ń wá nígbà gbogbo, adánìkanwà lè má rí i. Ọjọ́ tí kò wá ló máa hàn sí i.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tiyín máa gbé Òdógunyàn, kó máa lọ sí yunifásítì wa ní Ìkòròdú níbí tó jẹ́ Pọ́lì (Lagos State Polytechnic) títí di 2022. Ẹ má wá olówó fún un. Ẹ wá alájọgbélé kan tó ń kanlẹ̀kùn rẹ̀, tó ń bu oúnjẹ fún un, tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kì í sì í dá lóhùn dáadáa. Ẹ wá yọ ẹni náà kúrò fún ọjọ́ mélòó kan. Kí kámẹ́rà dúró ti akẹ́kọ̀ọ́ nínú yàrá, kó pẹ́ gan-an, ẹ má bẹ̀rù pé yóò sú èèyàn. Tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde lọ kan ilẹ̀kùn ẹni yẹn, ẹ ti ní ìparí. Owó ilé-ìwé lè wà nílẹ̀ láìsan títí orúkọ àwọn òṣèré yóò fi kọjá tán.