Kí Ọmọ Tó Dé: Ìbímọ Nílé àti Ìmúrasílẹ̀ fún Pàjáwìrì

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń le. Ọmọ ti wálẹ̀, kò ké, ara rẹ̀ rọ̀ bí aṣọ. Ní ìṣẹ́jú kan náà, ẹ̀jẹ̀ ń ya lára ìyá. Ta ni agbẹ̀bí fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn? Bó bá jẹ́ òun nìkan ló wà nínú yàrá, ìbéèrè yẹn ò ní ìdáhùn tó dáa. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Torí náà, kí ẹ tó béèrè iye tí agbẹ̀bí ń gbà, ẹ bi í pé ta ni ẹnì kejì. Ẹni méjì tó mọṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ wà nítòsí nígbà tí ọmọ bá ń bọ̀, ọ̀kan fún ìyá, ọ̀kan fún ọmọ. Ọkọ kọ́, ìyá ọkọ kọ́.

Kì í ṣe gbogbo oyún ló ṣeé bí sílé. Ìbejì, ọmọ tó fìdí síwájú, ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún rí, ẹni tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé 140/90, ẹni tí ibi ọmọ dí lọ́nà, oyún tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 37 tàbí tó kọjá 42: ilé ìwòsàn ni. Agbẹ̀bí tó bá ń gba gbogbo aláboyún tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ sá fún un.

Bí oyún bá wọ ọ̀sẹ̀ 36, ẹ ní kí agbẹ̀bí tú àpò rẹ̀ sílẹ̀ lójú yín. Ẹni tó mọṣẹ́ ò ní bínú. Ẹ wá abẹ́rẹ́ oxytocin níbẹ̀, èyí tó ń mú kí ilé ọmọ sún kì kí ẹ̀jẹ̀ má ya, kí ẹ sì béèrè ibi tó ń tọ́jú ẹ̀ sí. Inú òtútù tó wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló yẹ kó máa gbé. Èyí tó ti sun inú ọkọ̀ gbígbóná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣì máa mọ́ gaara bí omi, àmọ́ agbára rẹ̀ ti dín kù, ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá sì ń ya lẹ máa tó mọ̀. Oògùn misoprostol, tí òun náà ń mú kí ilé ọmọ sún kì, ò nílò fíríìjì ní tiẹ̀, ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀. Kó má ṣe kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀ àfi ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó.

Bí ìrọbí bá ti mú dáadáa, kí agbẹ̀bí máa gbọ́ ọkàn ọmọ lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30. Bí ìyá bá ti ń ti ọmọ síta, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ó yẹ kó máa lù láàárín ìgbà 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá lọ sílẹ̀ tí kò padà, ó yá, ẹ gbéra.

Ọkọ̀ dà? Nínú ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní England lọ́dún 2011, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó fẹ́ bí àkọ́bí wọn nílé ni wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n tó bí tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bí tán. Ti àwọn tó ti bímọ rí, ìdá 12 ni. Kì í ṣe pé ewu ńlá dé bá gbogbo wọn. Ìrọbí tó kàn ń fà ló wọ́pọ̀ jù. Torí náà, láti ọ̀sẹ̀ 37, kí epo kún inú ọkọ̀, kí imú rẹ̀ máa kọjú síta, kí ẹni méjì mọ ọ̀nà náà lóru. Ohun tó ń dá ènìyàn dúró jù ni ìpàdé ẹbí: ọkọ ń pe ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n ń pe màmá. Ẹ fẹnu kò báyìí pé bí agbẹ̀bí bá ti ní "ó yá", kò sí ìjíròrò mọ́.

Ẹ wá wo ọmọ tí kò ké yẹn. Aṣọ gbígbẹ ni kí wọ́n fi nù ún, kí wọ́n fi ra ẹ̀yìn rẹ̀. Kí wọ́n má dojú ẹ̀ kodò, kí wọ́n má gbá a nídìí, kí wọ́n má da omi tútù lé e. Bí kò bá tíì mí, kí ìṣẹ́jú kan tó pé ni kí wọ́n ti máa fi báàgì tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ àti ìbòmú rẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ìgbà 40 sí 60 ní ìṣẹ́jú kan. Ìbòmú náà á bo imú àti ẹnu, kò ní kan ojú. Orí ò gbọdọ̀ tẹ̀ sẹ́yìn jù, bí ẹni tó ń gbóòórùn nǹkan ni. Àyà ọmọ ni kí ojú wà: bí kò bá gbé sókè, atẹ́gùn ò wọlé, kí wọ́n tún orí àti ìbòmú tò.

Ní ti ìyá, láàárín ìṣẹ́jú kan tí ọmọ bá wálẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ wo ikùn bóyá ọmọ kejì ṣì wà nínú, bí kò bá sí, kí wọ́n gún un ní oxytocin, units 10, sí itan. Lẹ́yìn tí ibi bá ti wálẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ lé ikùn: ilé ọmọ gbọ́dọ̀ le bíi bọ́ọ̀lù. Bó bá rọ̀, kí wọ́n ra á títí á fi le, kí ìyá sì tọ̀, torí àpò ìtọ̀ tó kún kì í jẹ́ kó sún kì. Èèyàn máa ń fojú kéré ẹ̀jẹ̀ tí aṣọ ti fà mu. Kí wọ́n wọn aṣọ náà, gíráàmù kan tó lé lórí ìwọ̀n aṣọ gbígbẹ, mílílítà kan ni. Bó bá ń sún mọ́ mílílítà 500, kí ẹnì kan pe ọkọ̀ bí ìtọ́jú ṣe ń lọ. Níbi tí oxytocin ò bá sí, misoprostol 800 máíkírógíráàmù lábẹ́ ahọ́n. Kí wọ́n tún fún un ní tranexamic acid, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, gíráàmù kan, tí wọ́n fi ìṣẹ́jú 10 tì sí iṣan, kí wákàtí mẹ́ta tó pé lẹ́yìn ìbí. Bí ibi ò bá sì bọ́ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ máa lọ. Kí ẹnikẹ́ni má fagbára fa okùn ìwọ́.

Èyí tó ṣọ̀wọ́n jù ló ń fẹ́ ìyára jù: omi já, okùn ìwọ́ yọ síta ṣáájú orí ọmọ. Kí ìyá kúnlẹ̀, kó fi àyà kanlẹ̀, kó gbé ìdí sókè. Kí agbẹ̀bí wọ ìbọ̀wọ́, kó kiwọ́ bọ inú, kó ti orí ọmọ kúrò lórí okùn, ọwọ́ náà ò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi dé yàrá iṣẹ́ abẹ, nínú ọkọ̀ pàápàá.

Bí gbogbo nǹkan bá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, agbẹ̀bí ò tíì lè lọ. Fún wákàtí méjì, ní ìṣẹ́jú 15 15, kó máa wo ẹ̀jẹ̀, ilé ọmọ àti ìfúnpá. Lẹ́yìn tó bá lọ, ẹ pè é padà bí páàdì kan bá kún fọ́fọ́ láàárín wákàtí kan, bí orí bá ń fọ́ ìyá tí ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì, tàbí bí ọmọ ò bá mu ọmú.