Ààlà, Ìdánimọ̀ àti Ìjọba Ẹkùn: Bí A Ṣe Lè Ṣèwádìí Ìyípadà ní Ìgbèríko

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ ìwádìí, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra àtilọ bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, mo kí yín. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ pín sí ọ̀nà mẹ́ta: ìyípadà tó ń bá àwùjọ ìgbèríko, ọwọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ fi mú ìdánimọ̀ wọn, àti bí ìjọba ẹkùn ṣe ń darí wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí, orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń yà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, ẹni tó bá yà wọ́n nípa bẹ́ẹ̀ kò ní rí èyí tó ṣe kókó jù, ìyẹn ni pé ìjọba fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń bí ìdánimọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ Jámánì. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 sí àwọn ọdún 1970, Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì da àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn, tó fi jẹ́ pé èyí tó lé ní 24,000 dín kù sí nǹkan bí 8,500, tí àwọn àgbègbè tó wà lókè wọn náà sì dín kù gidigidi. Nọ́ńbà ọkọ̀ wà lára ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn sí gbogbo ayé, nítorí pé lẹ́tà tó ṣíwájú nọ́ńbà ọkọ̀ Jámánì ló ń tọ́ka sí àgbègbè tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti pa àgbègbè kan pọ̀ mọ́ òmíràn, ọkọ̀ tuntun kì í sábà gba lẹ́tà rẹ̀ mọ́. Àmọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, òfin gbà wọ́n láàyè láti tún máa lo lẹ́tà àtijọ́, ọ̀pọ̀ àgbègbè sì dá a padà. Ọ̀dọ́ ẹni ogún ọdún tó lọ gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò bá àgbègbè náà láyé rárá; wọ́n ti fagi lé e kí wọ́n tó bí i. Ẹ sì kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbègbè tí wọ́n ń fi lẹ́tà rántí yìí kì í ṣe ẹ̀yà, wọn kì í sì í ṣe èdè. Àwọn òṣìṣẹ́ ọba ló jókòó fa ààlà wọn sórí ìwé.

Irú rẹ̀ kan náà ló wà ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1790, wọ́n pín orílẹ̀-èdè náà sí ẹkùn 83 kí agbára àwọn àgbègbè ńlá àtijọ́ lè fọ́. Nígbà tí ìjọba ń ṣètò nọ́ńbà ọkọ̀ tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, tó sì fẹ́ yọ nọ́ńbà àwọn ẹkùn wọ̀nyí kúrò, ariwo ta. Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí ni pé nọ́ńbà ẹkùn yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ọkọ̀, onímọ́tò ni yóò sì mú èyí tó wù ú, ì báà máà gbé níbẹ̀. Olùwádìí tó bá lè mọ àwọn tó ń mú nọ́ńbà ibi tí wọn kì í gbé, tó sì mọ ìdí tí wọ́n fi mú un, ti rí ohun tí ìwé ìbéèrè kì í sábà fi hàn. Bí ẹ bá bi ènìyàn pé ibo ló ti wá, yóò wo ojú yín kó tó dáhùn.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n ka àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀. Ẹ wo orúkọ àwọn tó wá àti àwọn tó tọrọ gáfárà. Ẹ wo abẹ́ àkòrí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí: bí ọ̀rọ̀ títi ilé ẹ̀kọ́ abúlé kan bá wà lábẹ́ “ilé àti dúkìá”, tí kò sí lábẹ́ “ẹ̀kọ́”, ó ti hàn ojú wo ni ìgbìmọ̀ náà fi wo ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún. Ẹ fi ìwé ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìdàpọ̀ wé ti ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí orúkọ abúlé náà jáde, àti ohun tó mú un jáde. Iṣẹ́ yìí ń sú ènìyàn, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀.

Kí ẹ sì tún mọ agbára tí òfin fún ipele ìjọba kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2007, Denmark sọ ìjọba ìbílẹ̀ 271 di 98, ó sì pa àwọn ẹkùn àtijọ́ rẹ̀ rẹ́, ó fi ẹkùn márùn-ún rọ́pò wọn. Ètò ìlera ni olórí iṣẹ́ àwọn ẹkùn tuntun náà, wọn kò sì lè gba owó orí. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní “ìjọba ẹkùn”, tó sì fi wé ti ibi tí ẹkùn ti ń gbowó orí tirẹ̀, ohun méjì tí kò bára mu ló ń fi wéra.

Ìbéèrè tí olùwádìí gbé dání náà ń pinnu ohun tí yóò rí. Ní 1926, Robert Redfield, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá láti Amẹ́ríkà, lọ sí ìlú Tepoztlán ní Mexico, ó sì kọ̀wé nípa àwùjọ tí nǹkan ti ń lọ ní ìrẹ́pọ̀. Oscar Lewis, tóun náà jẹ́ onímọ̀ bẹ́ẹ̀, lọ síbẹ̀ ní 1943, àní ìlú kan náà. Ìjà ilẹ̀, òṣì àti àìfọkàntánni ló rí. Lóòótọ́, ìyípadà ti dé bá ìlú náà láàárín ìgbà náà, àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́. Redfield fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ohun tí àwọn ènìyàn náà ń gbádùn lòun ń wá, nígbà tí Lewis ń wá ohun tó ń fìyà jẹ wọ́n. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìbéèrè méjèèjì ló yẹ kí ẹ gbé lọ.

Ètò LEADER tí àjọ ilẹ̀ Yúróòpù dá sílẹ̀ ní 1991 ń fi owó ìdàgbàsókè ìgbèríko sí ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò, òfin sáà 2014 sí 2020 sì fi lélẹ̀ pé kí ìjọba má ṣe ní ju ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò lọ níbi ìpinnu. Ó dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ni a fi ń tọrọ owó náà, ẹni tó mọ fọ́ọ̀mù kọ ló sì ń rí i gbà. Bí ìwé náà bá sì ti ní kí wọ́n sọ ohun tó mú àdúgbò wọn yàtọ̀, ẹni tó kọ ọ́ ni yóò yan ìtàn tí a ó máa sọ. Ẹ béèrè ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì wá àwọn tí wọn kò rí owó gbà.

Èyí tó kù ni ti àwọn tó ti lọ. Àwọn tó ṣẹ́kù nílé ni ìwádìí ìgbèríko sábà máa ń bá sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tó kúrò ni ìyípadà náà gan-an. Kí ẹ tó ka ẹnikẹ́ni mọ́ iye, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ẹni tó ní ilé ìsinmi níbẹ̀, ẹni tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá lójoojúmọ́, àti ẹni tó kó lọ àmọ́ tó ṣì ń dìbò níbẹ̀, jẹ́ ará abúlé tàbí wọn kì í ṣe é. Kí ẹ sì fi ìdí rẹ̀ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ ìròyìn yín, níbi tí àwọn ará abúlé náà yóò ti lè rí i, kí wọ́n sì já yín níyàn bó bá yẹ.