Aládìrẹ Ìtòkú, Notion àti Linux

Ẹ jẹ́ ká mú aládìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí. Inú Notion, áàpù tí wọ́n fi ń ṣe àkọsílẹ̀, ló ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: ọ̀pá mélòó ni oníbàárà fẹ́, ọjọ́ wo ló máa wá gbé e, èló ló kù tó máa san. Kọ̀ǹpútà àlòkù rẹ̀ kò ní TPM 2.0, ìyẹn ohun èlò ààbò inú kọ̀ǹpútà, Windows 11 ò gbà á. Microsoft sì ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 oṣù kẹwàá 2025. Ló bá fi Ubuntu sí i, oríṣi Linux kan, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows. Notion ní áàpù Windows àti ti Mac. Kò ní ti Linux, òun la sì ń bẹ ilé-iṣẹ́ náà pé kó ṣe.

Ṣebí ó ń ṣí nínú Chrome? Ó ń ṣí. Ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó to léra lókè lápá ọ̀tún, ẹ lọ sí Cast, save and share, kẹ́ ẹ tẹ Install page as app. Á ní fèrèsé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìró la ró fún un, bùráúsà ṣì ni. Lílò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì tí Notion gbé jáde lọ́dún 2025, inú áàpù kọ̀ǹpútà àti ti fóònù nìkan ló wà. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ìwé oníbàárà bá a lọ. Ohun tá a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún áàpù Linux gan-an nìyẹn, kì í ṣe fáàrí.

Electron, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ áàpù, ni wọ́n fi ṣe ti Windows, Electron sì ń ṣiṣẹ́ lórí Linux. Ìdánwò ló ń náni lówó, torí oríṣi Linux pọ̀: deb, rpm àti Flatpak tí wọ́n ń di áàpù sí, X11 àti Wayland tó ń gbé fèrèsé sójú kọ̀ǹpútà. Wine, tó ń jẹ́ kí áàpù Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ lè wọlé tán nínú bùráúsà, kó má rọ́nà dá yín padà sínú áàpù.

Ẹni tí ò lè dúró, kó gbìyànjú Obsidian, áàpù àkọsílẹ̀ tó ń tọ́jú ìwé sórí kọ̀ǹpútà yín gan-an. Ẹ kó ẹrù yín jáde nínú Notion, nínú oríṣi fáìlì tó bá fi lọ̀ yín, HTML ni kẹ́ ẹ mú. Markdown rẹ̀ máa ń já nǹkan sílẹ̀. Ẹ gba fáìlì deb Obsidian, ẹ ṣí Terminal, ibi tá a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, nínú Downloads, ẹ kọ:

sudo apt install ./obsidian*.deb

Ẹ má fo ./ yẹn o. Láìsí i, inú àkójọ áàpù Ubuntu ni apt, ètò tó ń fi áàpù sí i, á ti máa wá a, á sì ní Unable to locate package. Tó bá jẹ́ AppImage, áàpù inú fáìlì kan ṣoṣo, lẹ gbà, tó ń ké pe fáìlì libfuse.so.2 tí kò rí lórí Ubuntu 24.04, libfuse2t64 lẹ máa fi sí i.

Ẹ fi Importer, àfikún tó ń kó ìwé wọlé, kún Obsidian, ẹ fún un ní fáìlì zip tẹ́ ẹ kó jáde nínú Notion bó ṣe wà, ẹ má tú u. Kẹ́ ẹ tó pa Notion rẹ́, ẹ pa Wi-Fi, ẹ ṣí ìwé oníbàárà àná wò.