Ta Ni Yóò Gbé Mi Dìde? Ohun Tó Wà Nídìí Ìjà Àwọn Olólùfẹ́ Battlefield

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ géèmù ṣíṣe sọ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni mo tò síbí, nítorí àwọn tí kò ráyè wá ní kí n jẹ́ kí àwọn náà rí i kà. Wọ́n ní kí n sọ ìdí tí géèmù ìbọn tó ti pẹ́ nílẹ̀ fi ń pàdánù adùn rẹ̀. Mi ò lè fẹnu kan gbogbo wọn. Battlefield ni mo mọ̀ tinú tẹ̀yìn, òun náà ni n ó dì mú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí. Tí àwọn olólùfẹ́ géèmù yìí bá ń jà, ariwo ìbọn, ariwo àwòrán àti ariwo owó lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń tẹ́tí sí ìjà náà, ohun tí mo sì gbọ́ nísàlẹ̀ gbogbo ariwo yẹn kò ju ẹyọ kan lọ: àwọn tó ń ṣe géèmù náà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwa tó ń gbá a. Nígbà tí oníkálukú ní iṣẹ́ tirẹ̀, a nílò ara wa. Nígbà tí wọ́n gba iṣẹ́ yẹn, a di èrò ọjà.

Ilé iṣẹ́ DICE ní orílẹ̀-èdè Sweden ló gbé Battlefield 1942 jáde ní ọdún 2002. Èèyàn 64 lè pàdé lórí pápá kan ṣoṣo, pẹ̀lú táǹkì, bàálù àti ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n ohun tó mú un yàtọ̀, lójú tèmi, ni bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́. Ọ̀nà márùn-ún ni: ẹni tó ń yọ́ wo ọ̀tá láti òkèèrè, ẹni tó ń ṣíwájú ìjà, ẹni tó ń dojú kọ táǹkì, ẹni tó ń tọ́jú ẹni tó fara gbọgbẹ́, àti ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe. Kò sí ẹni tó lè dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Olùtọ́jú tí táǹkì bá yọ sí, àfi kó figbe bọnu. Awakọ̀ táǹkì tí èéfín bá ń rú lẹ́yìn rẹ̀, àfi kó wá ẹni tó ní irinṣẹ́ lọ. Àwọn tó bá ti bá ọdẹ lọ sí ìgbẹ́ rí mọ ohun tí mò ń wí: àwọn kan ń lé ẹran bọ̀, àwọn kan lúgọ dè é, ẹran náà sì di ti gbogbo wọn. Nígbà tó di ọdún 2005, Battlefield 2 fi ikọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́fà kún un, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú olórí tirẹ̀, àti ọ̀gá kan tó ń wo gbogbo pápá láti òkè tó sì ń pàṣẹ fún wọn.

Battlefield 3 tó jáde ní oṣù Ọ̀wàrà 2011 ló mú èmi gan-an. Iṣẹ́ ti di mẹ́rin nígbà yẹn: Assault ló ń gbé òkú dìde, Engineer ń tún ọkọ̀ ṣe, Support ń pín ọta, Recon ń ṣọ́nà. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, àbúrò mi wà ní Manchester, alaalẹ́ la máa ń pàdé nínú géèmù tí a bá ti dé láti ibi iṣẹ́.

Máàpù kan, ìyẹn pápá ìjà kan, wà tí wọ́n ń pè ní Operation Métro, ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Paris. Ojú ọ̀nà há, èéfín bo gbogbo ibẹ̀, ọta ń dún lára ògiri. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò mi gbé ìbọn ńlá ti Support, ó dọ̀bálẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, ó ń dá àwọn ọ̀tá dúró. Wọ́n yìn ín lulẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ létí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé mi o!" Ọta inú ìbọn tèmi ti tán pátápátá. Mo sọ ìbọn kọ́ ẹ̀yìn, mo yọ irin méjèèjì tí wọ́n fi ń gbọn ọkàn jí, mo sáré gba inú èéfín kọjá, mo gbé e lé e láyà. Ó dìde. Kó tó yìnbọn padà rárá, ó ti ju àpótí ọta sílẹ̀ síbi ẹsẹ̀ mi. Mi ò béèrè. Ó ti mọ̀ pé kò sí nǹkan lọ́wọ́ mi. Mo ti gbá ọ̀pọ̀lọpọ̀ géèmù láti ìgbà yẹn, tí àwòrán wọn dára ju èyí lọ fíìfíì. Mi ò tíì rí èyí tó fún mi ní irú ìṣẹ́jú yẹn ní ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tó máa bi mí pé ṣé àtijọ́ nìkan ló dára, mo gbọ́ yín. Ká má purọ́, àwa olólùfẹ́ náà máa ń gbàgbé. Lónìí, tí wọ́n bá ní kí a dárúkọ èyí tó dára jù, Battlefield 4 ni ọ̀pọ̀ yóò dárúkọ. Àmọ́ nígbà tó jáde ní oṣù Ọ̀wàrà 2013, ńṣe ni géèmù náà ń kú láàárín ìjà. O ti sá sẹ́yìn ògiri tán kí ọta tó pa ọ́. Ilé ńlá tó ń wó ní Shanghai, tí wọ́n fi polówó rẹ̀, a máa dá géèmù dúró nígbà tó bá ń wó. DICE dá iṣẹ́ mìíràn dúró láti tún un ṣe, wọ́n sì ṣí ibi ìdánwò kan ní 2014 tí àwa tó ń gbá a ti ń bá wọn yẹ àtúnṣe wò. Ó gbà wọ́n lákòókò, ṣùgbọ́n ó padà bọ̀ sípò, nítorí pé ara ló ń ṣàìsàn, eegun rẹ̀ pé. Iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni géèmù tó bàjẹ́, ọ̀tọ̀ ni géèmù tí wọ́n yọ eegun rẹ̀.

Ẹjọ́ kan tún wà tí mi ò kà mọ́ ẹjọ́ adùn rárá. Ní oṣù Èbìbí 2018, fídíò ìpolówó Battlefield V jáde, obìnrin kan tó ní apá àtọwọ́dá wà lójú ogun. Ariwo sọ. Àwọn kan ní wọ́n ba ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì jẹ́. Patrick Söderlund, tó jẹ́ ọ̀gá nígbà náà ní EA, ilé iṣẹ́ tó ni DICE, dáhùn pé ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ kó má rà á, epo ló sì dà síná. Ó yẹ kó fara balẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n géèmù kan náà ní ìtàn tí wọ́n ń pè ní Tirailleur, nípa àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tó jà ní ilẹ̀ Faransé ní 1944. Àwọn Faransé ń pè wọ́n ní ọmọ ogun Senegal, àmọ́ gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn ni wọ́n ti kó wọn, títí kan Dahomey, ilẹ̀ tí Kétu àti Sábẹ̀ wà. Àwọn èèyàn wa ni. Ẹni tó bá rí ojú wọn lójú ogun tó sì sọ pé kò bá ìtàn mu, kò mọ ìtàn. Mo sọ èyí kí ẹ má bàa da ẹjọ́ méjì pọ̀, nítorí Battlefield V ní ẹjọ́ gidi: lóṣù kan náà tí a ti ń mọ ìbọn lò, ní Ọ̀pẹ 2018, wọ́n yí iye ọta tó ń pa èèyàn padà, a pariwo, wọ́n dá a padà. Nígbà tó di Ọ̀pẹ 2019, wọ́n tún ṣe ohun kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tó dùn mí jù. Battlefield 2042, oṣù Bélú 2021. Wọ́n fi èèyàn 128 sórí pápá, ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n pa iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́. Àwọn èèyàn mẹ́wàá tó ní orúkọ, tí wọ́n pè ní Specialist, ni wọ́n fi rọ́pò wọn, ẹnikẹ́ni nínú wọn sì lè gbé ìbọn tó bá wù ú àti irinṣẹ́ tó bá wù ú. Ẹni tó ní okùn tó fi ń gun òkè ilé tún lè gbé ohun tí ń fọ́ táǹkì. Kí ló tún kù tí yóò fi pè mí?

Ohun kan wà tí ẹni tí kò gbá a kò lè mọ̀. Ojú kan náà ni àwọn Specialist wọ̀nyí ní lọ́dọ̀ tiwa àti lọ́dọ̀ ọ̀tá. Mo ń sáré lọ gbé ẹnì kan dìde, mo dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀tá ni. Mo rí ọ̀tá níwájú, mo yìnbọn sí i, tiwa ni. Nínú aṣálẹ̀ Hourglass ní Qatar, ìsáré lásán ló ń gba àkókò wa, kò sí ibi ìfarapamọ́. Pátákó èsì tó ń to orúkọ gbogbo wa, kò sí. Kò sí bí a ṣe lè fi ohùn bá ara wa sọ̀rọ̀ nínú géèmù rárá: lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, WhatsApp ni èmi àti àbúrò mi fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, fóònù wà lórí tábìlì. Nígbà tó yá ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí yín mọ́." Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe é? Lójú tèmi, bí owó ṣe ń wọlé ló fà á. Nígbà ayé Battlefield 3, wọ́n ń ta Premium, nǹkan bí dọ́là 50, èèyàn á fi rí máàpù tuntun. Ìyẹn náà ní wàhálà tirẹ̀, nítorí ó pín ẹni tó lówó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò lówó. Wọ́n fi í sílẹ̀ láti ìgbà Battlefield V, máàpù di ọ̀fẹ́, aṣọ àti ẹ̀ṣọ́ wá di ọjà. Olùtọ́jú tí kò lórúkọ kò ṣe é tà láṣọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní orúkọ, ojú àti ẹnu tó ń fi yangàn ṣe é tà. Mi ò bínú sí ẹni tó ń wá owó. Ohun tí mo bínú sí ni pé wọ́n ṣe ojú náà tán kí wọ́n tó ronú iṣẹ́ tí yóò máa ṣe.

Àwọn olólùfẹ́ kò dákẹ́. Ìwé ẹ̀bẹ̀ kan tó ní kí wọ́n dá owó padà gba orúkọ tó lé ní 200,000. Andrew Wilson tó jẹ́ olórí EA gbà ní oṣù Èrèlè 2022 pé géèmù náà kò rí bí àwọn ṣe retí. Pátákó èsì padà, ohùn padà, Breakthrough, irú ìjà kan nínú géèmù náà tí àwọn kan ti ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn yòókù, sì padà láti èèyàn 128 sí 64. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023, wọ́n to àwọn Specialist padà sínú iṣẹ́ mẹ́rin. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni kí wọ́n tó dá ohun tó ti wà láti 2002 padà.

Battlefield 6 jáde lọ́jọ́ 10 oṣù Ọ̀wàrà 2025, iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, EA sì ní ó tà ju mílíọ̀nù 7 lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ìjà kò tíì tán. Àwọn kan fẹ́ kí ìbọn kọ̀ọ̀kan wà fún iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan, àwọn kan fẹ́ kí oníkálukú gbé èyí tó bá wù ú. Àwọn àkọ́kọ́ ni mo wà pẹ̀lú wọn, ẹ ti mọ ìdí.

Ọmọbìnrin kan ló bi mí ní ìbéèrè tó kẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kì í ṣe pé ẹ ti dàgbà ni?" Ìbéèrè tó dáa ni, mo sì rò ó kí n tó dá a lóhùn. Mo ti dàgbà lóòótọ́, ojú mi kò yára bíi ti 2012. Mo wá sọ fún un nípa alẹ́ kan nínú oṣù Ògún 2025, nígbà tí wọ́n ṣí Battlefield 6 fún ìdánwò. Máàpù Cairo ni, Engineer ni mí, wọ́n yìn mí lulẹ̀ láàárín títì. Nínú géèmù yìí, ẹni tó ń gbé ọ dìde lè kọ́kọ́ wọ́ ọ kúrò lójú ọta. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí sáré jáde, ó di aṣọ mi mú, ó ń wọ́ mi sẹ́yìn, mò ń rí i lókè orí mi bí ọta ṣe ń gbọn erùpẹ̀ sí i lára. Ó wọ́ mi dé ẹ̀yìn ògiri kan tó ti wó, mo dìde. Ó sá lọ wọ táǹkì kan tó ń jóná lọ. Mo yọ irinṣẹ́ mi, mo tẹ̀lé e, mo sì ń tún táǹkì yẹn ṣe títí ìjà náà fi parí.