Agogo, Irin àti Àdúrà: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Àrá àti Ilé Ọlọ́run

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá nínú Olúwa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ, mo kí yín.

Ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ọdún 1718, ìjì ńlá kan jà lóru ní agbègbè Brittany, ilẹ̀ Faransé. Bí àrá ṣe ń sán ni àwọn ará ìlú ń sáré lọ lu agogo ilé ìsìn, torí wọ́n gbà pé ìró agogo tí àlùfáà ti yà sí mímọ́ a máa lé ẹ̀mí burúkú inú ìjì. Ìròyìn tó dé etí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Paris ni pé ilé ìsìn 24 ni àrá sán lù lóru ọjọ́ náà, àti pé àwọn tí agogo wọn ń dún gan-an ni.

Ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní Munich lọ́dún 1784 ṣírò rẹ̀ pé láàárín ọdún 33, àrá sán lu ilé gogoro ìjọ 386, ó sì pa èèyàn 103 tó ń lu agogo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà wọ́n sí òmùgọ̀. Wọ́n jáde sínú òjò nítorí àwọn aládùúgbò wọn. Abẹ́ ilé tó ga jù nílùú ni wọ́n dúró sí, okùn tó ti rin gbingbin sì wà lọ́wọ́ wọn. Àrá gba orí gogoro, ó gba agogo, ó gba okùn, ó gba ara èèyàn dé ilẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà àbáyọ ti wà nílẹ̀. Láti 1753 ni Benjamin Franklin, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sínú ìwé àlùmánáákì rẹ̀ ní Philadelphia: gbé irin ṣóńṣó sórí ilé, kí o sì so ó mọ́ ilẹ̀ tútù. Irin yìí kì í lé àrá lọ. Ó ń la ọ̀nà fún un ni, kó lè gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá láìpa ẹnikẹ́ni.

Wọ́n máa ń sọ pé ìjọ kọ̀ ọ́, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sì borí. Mi ò gbà. Prokop Diviš, àlùfáà Kátólíìkì ní Přímětice, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Czech lónìí, gbé irin tirẹ̀ dúró ní 1754. Àwọn àgbẹ̀ ló wó o nígbà tí ọ̀dá dá, wọ́n ní irin náà ló lé òjò lọ. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ní 1755, Pásítọ̀ Thomas Prince bẹ̀rù pé irin wọ̀nyí ló kó iná ojú ọ̀run wọ ilẹ̀. John Winthrop, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, ló dá a lóhùn, onígbàgbọ́ sì lòun náà. Àárín agbo ilé kan náà ni ìjà ọ̀hún ti wáyé. Nígbà tó di 1776, irin ti wà lórí gogoro agogo Saint Mark ní Venice, èyí tí àrá ti sán lù léraléra.

Ẹ jẹ́ kí n kan tiwa. Nígbà tí àrá bá sán lu ilé nílẹ̀ Yorùbá àtijọ́, àwọn oníṣàngó á wá wú edùn àrá, onílé á sì san ètùtù, torí a gbà pé ẹni tí àrá bá jà ti ṣẹ̀. A di Kìrìsìtẹ́nì, a sì gbé èrò náà wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Òkú ò tíì tutù tí a ti ń bèèrè ohun tó ṣe. Èyí ń dùn mí gan-an, torí ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa opó àti ọmọ òrukàn lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ ṣí Deutarónómì 22:8. Ọlọ́run pàṣẹ pé ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wà lọ́rùn ilé náà. Kò sọ pé kí wọ́n gbàdúrà kí èèyàn má yọ̀ ṣubú. Irin adènà àrá ni ìgbátí tiwa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, irin orí òrùlé nìkan kò tó. Kí wáyà bàbà tó nípọn sọ̀ kalẹ̀ tààrà, kó wọnú ilẹ̀ jinlẹ̀, kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ sì fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n pé ìdènà ilẹ̀ ibẹ̀, ìyẹn bó ṣe ṣòro tó fún iná láti gba inú ilẹ̀ kọjá, kò ju ohm 10 lọ (ohm ni òṣùwọ̀n rẹ̀). Bí olè bá ti gé wáyà náà lọ tà, ewu ni irin tó ṣẹ́ kù lókè: àrá tó bá bà lé e yóò fò sára ògiri, wáyà iná àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ẹni tó ń darí orin dì mú. Ẹ gun òkè lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.